Ewé Tí Ó Bo Ilẹ̀: Ìtàn Ìwádìí Kan ní Ìbàdàn

Àgbẹ̀ Yorùbá àtijọ́ mọ̀ dájú pé ilẹ̀ a máa ṣá. Bí ó bá ti dáko sí ojú kan fún ọdún mélòó kan, tí iṣu kò ta dáadáa mọ́, yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ó padà di igbó, yóò sì ṣí lọ sí ibòmíràn. Bí ó bá ń ṣán oko titun, kì í gé gbogbo igi. A máa dá ọ̀pẹ àti àwọn igi ńláńlá sí. Ó ń gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gúsí pọ̀ kí ewé wọn lè bo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláṣẹ amúnisìn ka ọ̀nà yìí sí àìmọ̀kan.

Lẹ́yìn òmìnira, èrò pọ̀ sí i, àkókò tí ilẹ̀ fi ń sinmi sì ń kúrú. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun Nàìjíríà dá ètò Operation Feed the Nation sílẹ̀ kí oúnjẹ lè pọ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó àti ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé.

Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a mọ̀ sí IITA ti wà láti ọdún 1967. Níbẹ̀ ni Rattan Lal, ọmọ àgbẹ̀ kan láti ilẹ̀ Íńdíà, ti ṣe ìwádìí ilẹ̀ láti ọdún 1970 títí di 1987. Ní ọdún 1979, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣán igbó ní oríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n sì wọn erùpẹ̀ tí àgbàrá kó lọ lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí katapílà ti hú igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tí katakata sì túlẹ̀, erùpẹ̀ tí ó lọ sún mọ́ tọ́ọ̀nù 20. Níbi tí wọ́n ti dáko bí àgbẹ̀ ìbílẹ̀ ti í ṣe, nǹkan bíi kìlógíráàmù 10 péré ni.

Ṣùgbọ́n àgbàdo oko ìbílẹ̀ yìí ni ó kéré jù. Ẹni tí ó tọ́jú ilẹ̀ kò yó. Ẹni tí ó fẹ́ yó ń pàdánù ilẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ó la ọ̀rọ̀ náà: wọ́n fi ọwọ́ ṣán igbó, wọn kò túlẹ̀ rárá, wọ́n sì gbin àgbàdo sáàárín pàǹtí ewé. Erùpẹ̀ tí ó lọ níbẹ̀ kò tó ìdajì tọ́ọ̀nù, àgbàdo rẹ̀ sì ju ti oko ìbílẹ̀ lọ dáadáa.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí òjò líle bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó wà níhòòhò, ẹ̀kán omi yóò fọ́ erùpẹ̀ túútúú, yóò dí ihò ilẹ̀, omi kò ní lè wọlẹ̀ mọ́; yóò di àgbàrá. Bí ewé àti pòròpórò bá bo ilẹ̀, àwọn ni òjò yóò kọ́kọ́ bà. Abẹ́ wọn yóò tutù, ekòló yóò máa lu ilẹ̀, ohun tí ó jẹrà yóò sì di ọ̀rá ilẹ̀.

Nínú ọ̀rá yìí ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wà. Kábọ́ọ̀nù tí ewé fà láti inú afẹ́fẹ́, apá kan rẹ̀ ń bá ewé wọlẹ̀. Bí a bá ń túlẹ̀ lemọ́lemọ́, tí a sì ń sun pàǹtí, yóò padà sójú òfurufú láti dá kún ooru ayé. Ìdí nìyí tí ìjọba Faransé fi gbé ètò kan kalẹ̀ ní àpérò Paris ní ọdún 2015, pé kí kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ máa fi ìdá 4 nínú 1,000 pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ní ọdún 2020, Lal gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Ìtàn yìí kò sọ pé kí a padà sí àtijọ́ pátápátá. Àwọn baba ńlá náà ń sun oko, ilẹ̀ tí ó pọ̀ ni ó sì gbè wọ́n. Ilẹ̀ ti dín kù báyìí. Oko tí a kò tú pẹ̀lú kò ṣàìní wàhálà koríko. Ṣùgbọ́n ewé tí àgbẹ̀ àtijọ́ jẹ́ kí ó bo ilẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.