Ìlà Tí A Fi Ń Hun Àwòrán Eré Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìtàn tí mo mú wá yìí kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti oyè. Àwa tí a dàgbà ní Alajue ní Ẹdẹ ti wo eré Yorùbá lórí dísìkì títí, a sì rí i pé bí òṣèré bá ń sáré, etí aṣọ rẹ̀ a máa ya bí eyín òòyà. Àwọn kan a ní ẹni tó ya eré náà ni kò mọṣẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nínú ètò PAL tí Nàìjíríà wá gbà nígbà tí àwọ̀ dé, àwòrán 25 ni ó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlà tí ojú ń rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 576. Ṣùgbọ́n kì í wá lódindi: ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún a kọ́kọ́ dé, ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà a sì tẹ̀lé e. Ojú wa ni ó ń dà wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí àwòrán kì í ṣẹ́jú, kò sì gba àyè púpọ̀ lójú afẹ́fẹ́.

Kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kò mọ ìdajì. Odindi ni wọ́n ń fi hàn. Bí a bá so ìdajì méjèèjì pọ̀, ẹni tó ń sáré ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, òòyà dé nìyẹn. Bí a bá da ìdajì kan nù, eyín a lọ, ìtànná aṣọ náà a sì bá a lọ.

Nígbà tí eré wa kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì VHS bọ́ sórí VCD, ìlà 288 péré ni dísìkì náà gbà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò! DVD gba 576, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fa VCD gùn sórí DVD kò lè rí èyí tó ti sọnù padà.

Ti fíìmù sinimá tún yàtọ̀. Àwòrán 24 ni tirẹ̀. Lórí PAL ó ń sáré di 25, ohùn a sì gòkè díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, mo sì tẹ́tí sí i dáadáa: ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ jọ gòkè pọ̀ ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò yí padà.

Ìlù ni ó ká mi lára. Ọ̀dọ̀ wa ni Tìmì Láoyè, ọba tó ń lùlù fúnra rẹ̀, ti jọba láti 1946 títí di 1975. Ọwọ́ òsì onídùndún tó ń fún ọsán ni ó ń sọ ohùn, ọwọ́ yẹn sì yára. Nínú dísìkì tí a dà kọ láìbìkítà, òun gan-an ni ó kọ́kọ́ ń di òòyà tàbí òjìji. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ́wọ́, kí ó má ṣe jù ú nù nítorí pé ó ti ní dísìkì. Ìdajì méjèèjì ṣì wà nínú rẹ̀.