Òṣómàáló: Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó Dá Rin Ìrìnàjò sí Ìlú Onílùú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní òde òní, ẹnìkan lè dá gbéra nílé, kí ó lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lórí àwọn òkè oníyìnyín ilẹ̀ Áústríà, kí ó máa fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, kí ó sì bá ẹni tí kò mọ̀ rí dọ́rẹ̀ẹ́ kí ó tó padà sílé. Ìsinmi ni a ń pe irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó kọ́kọ́ sọ dídá rin ìrìnàjò àti bíbá àjèjì pàdé di àṣà kò lọ sinmi rárá. Òwò ni wọ́n ń lọ ṣe. Ẹrù aṣọ wà lórí wọn, ọ̀nà jìn, ìlú tí wọ́n sì ń lọ kì í ṣe ìlú bàbá wọn. Àwọn ni a mọ̀ sí òṣómàáló.

Láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe náà, lóṣòó, ni orúkọ yìí ti wá. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé, bí oníbàárà tó ra aṣọ láwìn bá kọ̀ láti san owó, Ìjẹ̀ṣà yóò lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò sì sọ pé òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Àwọn ará ìlú mìíràn fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì fi sọ àwọn Ìjẹ̀ṣà ní ahun tí kì í gbàgbé gbèsè. Àwọn Ìjẹ̀ṣà fúnra wọn gba orúkọ náà, wọ́n sì ń fi í yangàn títí di òní. Síbẹ̀, ìparí òwò nìkan ni orúkọ yìí ń sọ. Kò sọ ohun tó ṣáájú, èyí tí í ṣe pé kí Ìjẹ̀ṣà tó lóṣòó, ó ti kọ́kọ́ gbé ọjà rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́.

Nígbà tí kò sí ẹni tó lè dá rìn

Kí a tó lè mọ bí ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ti tóbi tó, ó yẹ kí a rántí bí ọ̀nà ti rí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1877 sí 1878. Ìbàdàn wà ní apá kan, Èkìtìparapọ̀ sì wà ní apá kejì, pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà nínú wọn. Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn balógun wọn. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886 ni àwọn ìhà méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá kúrò ní ibùdó.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó bá dá rìn ń fi ara rẹ̀ wéwu. Wọ́n lè jí i gbé, kí wọ́n sì tà á lẹ́rú kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó gbọ́. Nítorí náà, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni àwọn alájàpá ń rìn, wọ́n sì ń wá ẹ̀ṣọ́ tó di ìhámọ́ra láti sìn wọ́n. Ìṣòro mìíràn tún wà. Bí ará ìlú kan bá jẹ ará ìlú mìíràn ní gbèsè tí kò san án, ẹni tó ni owó lè mú ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ará ìlú onígbèsè náà, kí ó fi í dógò títí owó yóò fi dé. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà lè torí rẹ̀ sùn nínú ìdè. Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, àjèjì kò ní orúkọ tirẹ̀. Orúkọ ìlú rẹ̀ ni ó ń jẹ́, gbèsè ìlú rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 1893 ni ó tó ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹrù karí ní Iléṣà, kí ó dá rìn wọ ilẹ̀ Èkìtì tàbí Àkókó, kí ó sì padà wálé ní àlàáfíà. Ìjọba àwọn òyìnbó ló fi ipá dá ogun dúró, wọ́n sì gba òmìnira àwọn ìlú náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣí, àwọn Ìjẹ̀ṣà sì tètè rí i.

Rélùwéè dé Òṣogbo

Ohun kejì tó gbé òwò yìí dìde ni ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1901, rélùwéè tó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1907, ó dé Òṣogbo, kí ó tó tẹ̀síwájú sí Ìlọrin ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Òṣogbo kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìtàn ìlú náà sọ pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè tó tẹ Òṣogbo dó ti wá, ìrìn láti Iléṣà sí ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Bí rélùwéè ti dé, àwọn ilé iṣẹ́ òwò òyìnbó, irú bíi John Holt, wá ṣí ilé ìtajà síbẹ̀. Àwọn aṣọ tí a hun ní ìlú òyìnbó wá di ohun tí Ìjẹ̀ṣà lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ rà. Ẹni tó bá ń ti Alékúwodò lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè Òṣogbo lónìí ń rìn nínú ìlú tí òwò yẹn ràn lọ́wọ́ láti gbòòrò.

Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó oníṣòwò kò lọ sí abúlé. Ẹ̀bá ojú irin ni wọ́n jókòó sí. Ní apá kejì, àwọn àgbẹ̀ ní Èkìtì, Oǹdó, Àkókó, Ìgbómìnà àti Kàbbà fẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n owó kì í sí lọ́wọ́ wọn àfi nígbà ìkórè. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni òṣómàáló wọ̀. Òun ni ó gbé aṣọ lọ bá àgbẹ̀, òun náà ni ó sì dúró de owó.

Bí òwò náà ṣe ń lọ

Ọmọdékùnrin ni òṣómàáló máa ń bẹ̀rẹ̀. Yóò tẹ̀ lé ọ̀gá tí í ṣe ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá tàbí ojúlùmọ̀ ìdílé rẹ̀. Yóò ru ẹrù, yóò kọ́ orúkọ aṣọ àti iye rẹ̀, yóò sì mọ ilé àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀gá yóò fún un ní òmìnira pẹ̀lú aṣọ díẹ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni yóò ti wá agbègbè tirẹ̀, ibi tí Ìjẹ̀ṣà mìíràn kò ì tíì gbà. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń rìn jìnnà sí i, títí àwọn mìíràn fi dé ilẹ̀ Nupe àti ilẹ̀ Hausa.

Nígbà tó bá dé ìlú tuntun, ohun àkọ́kọ́ ni kí ó wá onílé. Àgbà sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ni ojú àlejò. Òun ni yóò mú un lọ kí baálẹ̀, òun ni yóò sọ ẹni tó ṣe é fọkàn tán fún un, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sì máa kó ẹrù sí. Lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kiri láti ilé dé ilé àti láti abúlé dé abúlé. Oníbàárà yóò mú aṣọ, yóò san díẹ̀ tàbí kí ó má san nǹkan kan, wọn yóò sì dá ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé, òṣómàáló yóò padà wá. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, nítorí náà orí ni wọ́n fi ń há iye owó tí ẹni kọ̀ọ̀kan jẹ.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ètò yìí. Kò sí ìwé àdéhùn. Kò sí ohun tí a fi dógò. Bí àgbẹ̀ bá sọ pé òun kò ra aṣọ, ta ni yóò jẹ́rìí fún àjèjì? Òṣómàáló kò lè tà láwìn fún ẹni tí kò mọ̀, kò sì lè mọ̀ ọ́n láìjókòó tì í. Nítorí náà, ó ní láti mọ orúkọ àwọn ọmọ oníbàárà, kí ó mọ ìgbà tí iṣu rẹ̀ yóò ta, kí ó bá wọn dé ibi ìkómọ àti ibi òkú àgbà, kí ó sì kọ́ ẹ̀ka èdè wọn. Aṣọ ni ó gbé wá, ṣùgbọ́n ojúlùmọ̀ ni ó ń tà á fún.

Ìdí tó fi jẹ́ pé òṣó ni wọ́n ló

Kí òwò yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni àṣà gbígba gbèsè ti wà nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ṣàlàyé iṣẹ́ ológò, ẹni tí àwọn aláṣẹ ìlú yọ̀ǹda fún láti lọ jókòó ti onígbèsè. Ológò yóò wọ ilé náà, yóò pariwo, yóò pàṣẹ oúnjẹ, yóò sì pa adìẹ tó bá rí jẹ, títí ìtìjú àti ìnira yóò fi mú kí àwọn ará ilé wá owó náà san.

Nígbà tí a bá fi òṣómàáló wé ológò, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ológò ní àṣẹ ìlú lẹ́yìn. Àjèjì kò ní. Àtijọ́ náà kọjá tí ènìyàn lè mú ará ìlú onígbèsè dè. Ilé ẹjọ́ ìjọba jìnnà, iye tí yóò sì ná ènìyàn lè ju gbèsè náà lọ. Ara rẹ̀ nìkan ni ó kù fún Ìjẹ̀ṣà láti fi bẹ̀bẹ̀, kí ó sì fi halẹ̀. Kò jókòó, nítorí ẹni tó bá gba àga tó sì jẹ oúnjẹ onílé, ojú yóò tì í láti sọ̀rọ̀ owó. Kò dúró, nítorí ẹni tó bá dúró ń múra àtilọ ni. Ó lóṣòó ní gbangba, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá yóò ti bi onílé léèrè pé kí ló dé. Ìtìjú onígbèsè lójú àwọn ará ìlú rẹ̀ ni òṣómàáló gbẹ́kẹ̀ lé. Ó mọ̀ pé níbi tí wọn kò bá ti mọ ìtìjú, bí òun tilẹ̀ lóṣòó di alẹ́, òfo ni.

Ẹ̀wẹ̀, ìgbàkígbà kọ́ ni wọ́n ń lóṣòó. Àgbẹ̀ tó ń fẹ́ aṣọ ọdún tó ń bọ̀ kò ní fẹ́ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Òwe ni pé ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Òṣómàáló náà kò sì ní fẹ́ kí wọ́n máa bú òun ní ìlú tí òun tún ń padà bọ̀. Ìpadàbọ̀ yìí ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá máa padà wá kò lè hùwà bí ọlọ́ṣà, ẹni tí wọ́n bá sì máa padà wá bá kò lè hùwà bí aláìnítìjú.

Bí òwò náà ṣe rọlẹ̀

Lẹ́yìn ọdún 1929, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, tí iye owó kòkó sì já wálẹ̀, àtisan gbèsè di ìṣòro fún àgbẹ̀, àtigbà á sì di ìṣòro fún ẹni tó tajà láwìn. Òwò náà là á já. Ohun tó mú un rọlẹ̀ wá nígbẹ̀yìn kò dà bí ìjàǹbá rárá. Ọ̀nà mọ́tò pọ̀ sí i, ṣọ́ọ̀bù wọ àwọn ìlú kéékèèké, àgbẹ̀ sì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ra aṣọ. Àwọn òṣómàáló tó lówó ra ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n bọ́ sídìí òwò kòkó, tàbí kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù síbi tí wọ́n ti ń kiri tẹ́lẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ náà sì kó ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1934 ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ì bá ru ẹrù tẹ̀ lé ọ̀gá ní ọmọ ọdún mẹ́wàá wá ń gbé sílétì. Òṣómàáló kò bínú sí èyí. Owó tó gbà lẹ́nu ọ̀nà onílé ni púpọ̀ nínú wọn fi rán ọmọ lọ sílé ìwé, kí ọmọ náà má baà tún lóṣòó.

Láàárín àkókò kan náà ni irú arìnrìnàjò mìíràn yọ láàárín Yorùbá. Ọlábísí Àjàlá gun alùpùpù Vespa, ó dá yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ká pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ lọ́rùn, ó bá àwọn olórí bíi Nehru ti Íńdíà pàdé, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1963. Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin, Àjàlá sì di orúkọ tí a ń pe gbogbo alárìnkiri. Kò ta nǹkan kan, kò sì sin ẹnikẹ́ni lówó. Kí ó ṣáà lè rí ayé àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni. Nígbà tó kú ní Èkó ní ọdún 1999, kò fi ọrọ̀ sílẹ̀. Gbogbo Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ òṣómàáló kọ̀ọ̀kan kò sì yé ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ìdílé rẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìtàn yìí gbé àwọn méjèèjì lórí ìwọ̀n. Àjàlá kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọjá lọ. Òṣómàáló padà sí ẹnu ọ̀nà kan náà fún ogún ọdún. Láàárín ìran kan péré sí ìgbà tí àwọn ará ìlú méjì tí kò mọ ara wọn ń fi ìbọn kí ara wọn ní Kírìjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá wọ abúlé àjèjì, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ní kí wọ́n mú èyí tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n san án nígbà tí iṣu bá ta. Ẹni tó bá fẹ́ fi òṣómàáló ṣe ẹ̀fẹ̀ lónìí, kí ó kọ́kọ́ ro ìyẹn.