Owó Wà, Orúkọ Ló Sọnù

Ọ̀rọ̀ owó la ó sọ lónìí: owó tí bàbá tàbí ìyá fi sí báǹkì, tí kò sì sẹ́ni tó lọ gbà á.

Kí báǹkì tó dé ọ̀dọ̀ wa ni a ti ní èsúsú. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921: kálukú á dá iye kan náà ní àkókò tí wọ́n fẹnu kò sí, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí yóò fi kárí. Olórí èsúsú mọ ilé yín, ó mọ ìyá yín. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ó mọ ọmọ tó yẹ kó kówó fún.

Báǹkì kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Orúkọ orí ìwé nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí mo lọ gba ohùn sílẹ̀ ní Ìrẹsà, ìyá àgbà kan mú ìwé báǹkì ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé jáde fún mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ bi í pé ta lẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ìrìbọmi bàbá wọn ni. Oríkì ni gbogbo abúlé fi ń pè é títí tó fi kú. Orúkọ báǹkì tó wà lẹ́yìn ìwé náà, àwọn ọmọ kò gbọ́ ọ rí.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ. Báǹkì náà ń pa orúkọ dà. Ẹ wo Agbọ́nmágbẹ, báǹkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Ní 1969 ó di Wema. Ní oṣù Keje 2004, Charles Soludo, gómìnà báǹkì àpapọ̀, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní ₦25 bílíọ̀nù kó tó di ìparí 2005. Báǹkì 89 ló di 25. National Bank, tó ti wà láti 1933, wọ inú Wema. Cooperative Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953 fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ inú Skye. Ní 2018, Polaris gba ipò Skye. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó fowó sí Cooperative Bank, ọ̀dọ̀ Polaris ni kí ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Àwọn mìíràn kú pátápátá. Ní oṣù Kìíní 1998 nìkan, báǹkì 26 ni ìjọba tì pa. Iṣẹ́ NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó àwọn ènìyàn ní báǹkì, ni láti sanwó irú báǹkì bẹ́ẹ̀. ₦50,000 ni òté tí wọ́n fi ń dáàbò bo owó ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà náà; ohun tó bá kù dọwọ́ ohun tí wọ́n bá rí tà nínú dúkìá báǹkì. Láti 2024, ó ti di ₦5 mílíọ̀nù.

Ṣíà náà ńkọ́? Òfin 1972 mú kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta ṣíà fún ọmọ Nàìjíríà, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì rà níbẹ̀. Òfin Ìṣúná 2020 wá sọ pé èrè orí ṣíà tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún ọdún 6 yóò bọ́ sínú àpò kan lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin náà pè é ní gbèsè tí ìjọba jẹ ẹni tó ni ín. Ní 2024, báǹkì àpapọ̀ pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí àkáǹtì tó ti sùn fún ọdún 10: owó rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n olówó tàbí àrólé rẹ̀ lè bèèrè rẹ̀ láti ọwọ́ báǹkì tirẹ̀. Àwọn báǹkì sì gbọ́dọ̀ gbé orúkọ irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: orúkọ ni wọ́n ń gbé síta. Bí ẹ bá ń wá "Bàbá Àlàmú", ẹ ò ní rí i. Bí orúkọ ìwé bá sì yàtọ̀ sí ti ìwé ẹ̀rí ikú, iṣẹ́ ń bẹ níwájú yín: ẹ ó lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni wọ́n, ẹ ó sì gba ìwé àṣẹ ogún níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n lọ́sẹ̀ yìí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo lẹ fi sílẹ̀ ní báǹkì?" Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é gan-an, pẹ̀lú orúkọ báǹkì àti ìlú tó wà.