Kí A Tó Dájọ́, Ká Kọ́kọ́ Ránṣẹ́ Pè: Ìtàn Ìpè Sí Ẹjọ́ ní Kétu àti Àjàṣẹ́

Kò sí àgbà kan ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ tí kò mọ òwe tó ní: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe náà kúrú, ṣùgbọ́n òfin ńlá ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ pé wọ́n ń pe òun, kó mọ ohun tí wọ́n fi sùn ún, kó rí àyè múra, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ro tirẹ̀ kí ìdájọ́ tó wáyé. Àwọn amòfin òde òní ń pe èyí ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo. Àwọn kan sì rò pé inú ìwé òyìnbó ló ti wá. Ìtàn ilẹ̀ yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ yìí ní ẹ̀tọ́ náà tẹ́lẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jà kó tó rí i gbà padà.

Ìpè láyé àwọn baba ńlá

Láyé àtijọ́, ẹjọ́ kì í ṣàdédé dé ààfin. Baálé ló ń kọ́kọ́ gbọ́ aáwọ̀ láàárín agbo ilé rẹ̀. Èyí tó bá kọjá agbára rẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, èyí tó bá ta kókó jù ló sì ń dé iwájú ọba àti àwọn ìjòyè. Ibi yòówù kí ẹjọ́ dé, ìpè ló ń ṣáájú rẹ̀. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, oníṣẹ́ ọba a máa mú ọ̀pá ọba dání, nítorí ẹni tó bá rí ọ̀pá náà ti rí ọba. Ojú gbogbo agbo ilé ni oníṣẹ́ ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹni tí a pè kò lè sọ pé òun kò gbọ́, aláṣẹ náà kò sì lè sọ pé òun ránṣẹ́ nígbà tí kò ránṣẹ́.

Oko àti òwò ń mú àwọn ènìyàn rìn jìnnà. Bí ẹni tí a ń wá bá wà ní ahéré, ìránṣẹ́ ní láti tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀, tàbí kí àwọn ará ilé rẹ̀ gba iṣẹ́ náà fún un, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò lè dé. Nígbà tó bá dé, olùpẹjọ́ á rò, olùjẹ́jọ́ á rò, ẹlẹ́rìí á sọ ohun tó rí, gbangba sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń wáyé.

Kò yẹ ká fi oyin sí ìtàn náà ju bó ṣe rí lọ. Ayé àtijọ́ ní àbàwọ́n tirẹ̀. Ohùn ẹrú kò dọ́gba pẹ̀lú ohùn ọmọ onílé. Bákan náà, nígbà mìíràn wọ́n a máa mú ará ilé onígbèsè, tàbí ẹrù ará ìlú rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, dípò onígbèsè fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìwà ipá ni. Kò sí ẹni tó pè é ní ìdájọ́ tó dára.

Nígbà tí kọ̀máńdáǹ gba ẹjọ́

Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú lọ sí Abọ́mẹ̀. Ìlú náà ṣì wà ní ahoro nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, tí wọ́n fi pín ilẹ̀ náà. Kétu bọ́ sábẹ́ Faransé. Mẹ́kọ, tó ti wà lábẹ́ Alákétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó bi àwọn ọmọ Kétu léèrè. Ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n dá lẹ́yìn onílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí àwọn ènìyàn padà wá tún ìlú ṣe ní 1894, lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin, ààlà ti wà nílẹ̀ dè wọ́n.

Òfin tuntun tẹ̀lé ààlà náà. Faransé ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní indigénat, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Àlìjíríà. Ní 1887 wọ́n mú un wọ Senegal, láti ibẹ̀ ló ti tàn dé gbogbo ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lábẹ́ òfin yìí, kọ̀máńdáǹ nìkan ni olùfisùn, òun ni adájọ́, òun náà ni onítìmọ́lé. Ó lè rán ọmọ ìbílẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọjọ́ 15, kó sì bu owó ìtanràn tó tó 100 fráǹkì lé e, láìsí ẹlẹ́rìí, láìsí agbẹjọ́rò, láìsí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kankan. Ẹni tó bá pẹ́ san owó orí jẹ̀bi. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ ọ̀nà jẹ̀bi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá tu kọ̀máńdáǹ lára náà jẹ̀bi. Ẹni tí kọ̀máńdáǹ bá ránṣẹ́ pè, tí kò tètè dé, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Láyé àtijọ́, ìpè ló ń fún ènìyàn láyè láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Lábẹ́ indigénat, ìpè fúnra rẹ̀ di ohun tí wọ́n fi ń mú ènìyàn. Lóòótọ́, òfin ọdún 1903 dá ilé ẹjọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa tẹ̀lé àṣà ilẹ̀. Síbẹ̀, kọ̀máńdáǹ ló jókòó sórí àga ilé ẹjọ́ àgbègbè, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ ìdájọ́ sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, òpìtàn tó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ààlà yìí, ti fi Alákétu wé Onímẹ́kọ lábẹ́ ìjọba méjèèjì. Agbára Alákétu ń dín kù lọ́wọ́ Faransé, nígbà tí Onímẹ́kọ, tó ti jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ rí, ń ga sí i lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òpìtàn yìí kan náà fi hàn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń fi ilé àti oko sílẹ̀ kọjá ààlà sápá Nàìjíríà, torí iṣẹ́ àfipáṣe, ìfipá-múni sójà àti ìyà indigénat. Kì í ṣe pé ìlú wọn sú wọn. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ àlàyé wọn ni wọ́n sá fún.

Àjàṣẹ́ ní ọdún 1923

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àjàṣẹ́ jẹ́ kí gbogbo ayé rí bí òfin yìí ṣe rí. Louis Hunkanrin, tí wọ́n bí ní ìlú náà ní 1886, jẹ́ olùkọ́ àti oníwèé ìròyìn. Òun wà lára àwọn tó dá ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn ti Faransé sílẹ̀ ní Dàhòmì, ó sì ń fi kálàmù rẹ̀ tú àṣírí ìwà ìrẹ́jẹ àwọn aláṣẹ. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 1923, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san owó orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún, àwọn òṣìṣẹ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba kó ọmọ ogun wọ̀lú, wọ́n sì kéde pé ìlú ti wà lábẹ́ àṣẹ ológun.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lé Hunkanrin àti àwọn mìíràn lọ sí aṣálẹ̀ Mauritania fún ọdún 10. Òfin gba gómìnà àgbà láyè láti fi ìwé àṣẹ lásán lé ọmọ ìbílẹ̀ kúrò ní ìlú rẹ̀ fún irú iye ọdún bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n lé lọ kò padà rí Àjàṣẹ́ mọ́. Hunkanrin padà ní 1933. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún pàápàá, ó kọ̀wé tako òwò ẹrú tó rí níbẹ̀.

Bí ẹ̀tọ́ náà ṣe padà

Ní 1946, wọ́n fagi lé indigénat. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ní Paris. Òmìnira dé ní 1960, ṣùgbọ́n òmìnira nìkan kò tó. Láàárín 1972 sí 1990, àwọn olóṣèlú àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tún wà lẹ́wọ̀n láìrí adájọ́.

Àpérò gbogbogbò oṣù kejì ọdún 1990 ló la ọ̀nà fún Òfin Ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà. Abala 17 rẹ̀ sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ìgbẹ́jọ́ gbangba yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi, níbi tí ó ti ní gbogbo ohun tó yẹ láti fi gbèjà ara rẹ̀. Abala 18 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé adájọ́ tí wọ́n mú un dé iwájú rẹ̀ ló pa á láṣẹ. Abala 122 sì fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní agbára láti gbé ẹ̀hónú rẹ̀ tọ Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ lọ fúnra rẹ̀.

Ní 1992, Bẹ̀nẹ̀ tún wọ àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ẹ̀tọ́ òṣèlú. Abala 14 àdéhùn yìí ní kí wọ́n tètè sọ ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n fi kàn, ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n fún un ní àkókò tó tó láti múra, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè ilé ẹjọ́.

Ohun tó kù lọ́wọ́ ará ìlú àti aláṣẹ

Ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé ní láti dé ilé ẹni tó ni ín. Èdè Faransé ni ìwé ìpè ilé ẹjọ́ ṣì ń bá dé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà kò ka èdè náà. Ẹni tí wọ́n ń pè lè wà ní oko, ní ọjà Mẹ́kọ tàbí ní Èkó. Húsíyé, òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìwé ilé ẹjọ́ ká, lè fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé tàbí aláṣẹ àdúgbò. Ọmọdé á fi í sínú àpótí. Àbúrò á ní òun ò fẹ́ da ẹ̀gbọ́n láàmú. Ọjọ́ á kọjá, adájọ́ á sì dá ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe é tako, ó sì ṣe é pè ní kòtẹ́milọ́rùn. Ṣùgbọ́n òfin fi gbèdéke sí ọjọ́ tí a lè ṣe é, àti pé ọjọ́ tí ìwé ìdájọ́ dé ọwọ́ ni kíkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún tọ̀tún tòsì. Kí ìdílé má fi ìwé ilé ẹjọ́ pa mọ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tó dé sára rẹ̀, kí wọ́n wá ẹni tó lè kà á ní Yorùbá, kí wọ́n sì fóònù ẹni tó ni ín lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹni tí wọ́n pè béèrè ògbufọ̀ láìtijú. Kí olórí abúlé àti òṣìṣẹ́ mẹ́rì tí ìwé bá dé ọwọ́ wọn rántí oníṣẹ́ ọba tó ń rìn dé ahéré: iṣẹ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí, a kò tíì jẹ́ ẹ.

Àwọn ọmọ Kétu mọ iyì ohun tí a ṣe ní gbangba. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO ti fún lóyè ní 2001, kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ojú ọjà ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, aláṣẹ ń gbọ́, mẹ̀kúnnù ń gbọ́. Kí ẹjọ́ náà máa rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Kí a máa pe ẹni kí a tó dá a lẹ́jọ́, kí ẹni tí a pè sì lè dé, kó sọ tirẹ̀, kí gbogbo wa gbọ́. Ilé á tòrò, ìlú á rójú. Àṣẹ.