Èdè Àkọ́kúntẹni fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní Down Syndrome: Ohun tí Ìtàn Kọ́ Olùkọ́ ní Ìlúpéjú

Ìfáárà
Ní Ìlúpéjú, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti kó onírúurú ẹ̀yà jọ, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbọ́ nílé. Bí ọmọ bá ní Down syndrome, àwọn kan a máa gba òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa Yorùbá tì, kí èdè méjì má baà wọ ọmọ lọ́rùn. Iṣẹ́ yìí yẹ ìmọ̀ràn náà wò.

Ìtàn
Ní 1866 ni oníṣègùn John Langdon Down ṣàpèjúwe ipò náà. Ní 1959 ni Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé kúrómósómù kọkànlélógún tí ó lé ẹyọ kan ni ó ń fà á. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá.

Nílé wa, ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ àkànṣe ń kọ́. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ní 1977, ìlànà ìjọba lórí ètò ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí èdè abínibí, ó sì ya abala kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, ṣùgbọ́n kò so méjèèjì pọ̀. Ní 2001 ni Rose Mordi dá Down Syndrome Foundation sílẹ̀ ní Èkó.

Ìwádìí tí Elizabeth Kay-Raining Bird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Kánádà ní 2005 ni ó kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ elédè méjì tí wọ́n ní Down syndrome kò burú ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn elédè kan lọ.

Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì
Ohun tí irú akẹ́kọ̀ọ́ yìí rí a máa dúró lọ́kàn rẹ̀ ju ohun tí ó gbọ́ lọ. Etí ọ̀pọ̀ wọn kò sì já gaara. Nítorí náà, kí olùkọ́ fi àwòrán, ìfọwọ́júwe àti ọ̀rọ̀ kíkọ ti ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ́yìn. Kí gbólóhùn kúrú. Kí àtúnsọ pọ̀. Kí ó rántí pé òye wọn a máa ju ohun tí ẹnu wọn lè sọ lọ.

Àgbálọgbábọ̀
Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè ti 2022 tí ó fẹ́ kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí mú kí Yorùbá inú ilé túbọ̀ ṣe pàtàkì. Ọmọ tí a gba Yorùbá lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì ní tìtorí rẹ̀ dára sí i. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.