Gbèsè Ọjà: Ìhámọ́ Olùtà Nínú Ọjà Ìpín-Ìdókòwò àti Ọjà Kòkó

Bí oníṣòwò kan ní Ṣakí bá gba owó àpò àgbàdo 100 sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìní hóró kan nínú àká, ìrètí rẹ̀ ni pé àgbàdo yóò di ọ̀pọ̀ nígbà ìkórè. Bí ọ̀dá bá wá dé, àgbàdo ló jẹ, kì í ṣe owó. Iyekíye tí wọ́n bá dá lé e ni yóò rà á. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ lọ́jà, rírà tí wọ́n ń sáré rà gan-an ni yóò túbọ̀ sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Èyí ni ìhámọ́ olùtà.

Nínú ọjà ìpín-ìdókòwò, ńṣe ni olùtà máa ń yá ìpín tí ó tà. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Porsche kéde pé ìpín Volkswagen tó wà níkàáwọ́ òun, pẹ̀lú èyí tí òun ti ṣe àdéhùn lé lórí, ti tó 74.1%. Ìjọba ìpínlẹ̀ Lower Saxony ní Jámánì ní nǹkan bí 20%. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù kò tó gbèsè ìpín tó wà nílẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, ìpín kan kúrò ní nǹkan bí 210 yúrò, ó kọjá 1,000.

Ti kòkó ló kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n. Oníṣòwò tó ń ra kòkó máa ń ta àdéhùn kòkó sílẹ̀ ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York, kí ó má baà pàdánù bí owó bá wálẹ̀. Ọgbọ́n ìṣọ́ra ni, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Bí owó bá gòkè, èrè orí kòkó ni yóò dí àdánù orí àdéhùn. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọjà ń béèrè owó ìdúró lórí àdéhùn, èrè kòkó kì í sì í dé àfi bí kòkó bá dé. Ní sáà 2023/2024, àrùn, ojú-ọjọ́ àti igi tó ti gbó dín ìkórè kù ní Gáná àti Côte d'Ivoire, tí kòkó wọn ju ìdajì ti àgbáyé lọ. Gáná kò rí gbogbo kòkó tó ti tà sílẹ̀ kó. Ìwé wà, kòkó kò sí. Àwọn tó ṣọ́ra bẹ̀rẹ̀ sí í ra àdéhùn wọn padà, owó sì ń gun òkè. Tọ́ọ̀nù kan, tí ó wà ní nǹkan bí 4,200 dọ́là níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, kọjá 10,000 kí oṣù kẹta tó parí.

Àgbẹ̀ ńkọ́? Ní Nàìjíríà, níbi tí ìjọba ti fòpin sí àjọ tó ń ra kòkó ní ọdún 1986, iye tí ọjà bá pè ni àgbẹ̀ ń tà. Ní Gáná, iye tí ìjọba fọwọ́ sí ni COCOBOD ń san, ó sì ti ta púpọ̀ nínú kòkó náà kí owó tó gòkè. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n tó fi kún owó àpò kan, láti 1,308 sídì sí 2,070.