Mayes Brook

Odò kékeré ní Barking and Dagenham, ní London, tó ń ṣàn lọ bá odò Roding. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n fi há a mọ́ inú ojú ọ̀nà omi kọnkéré lẹ́bàá Mayesbrook Park. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2011, wọ́n jẹ́ kó máa ṣàn kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n sì gbin igi tí yóò máa ṣíji bò ó. Ibòji yìí ṣe pàtàkì gan-an torí ó ń jẹ́ kí omi tutù: lítà omi kan tó wà ní 10°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 11 ọ́síjìn, ní 20°C, 9 péré ni. Ìdí nìyí tí ẹja trout fi ń sá fún omi gbígbóná. Àmọ́ bí omi ìdọ̀tí láti inú páìpù ilé tí wọ́n so lọ́nà tí kò tọ́ ò bá dáwọ́ dúró, ibòji nìkan ò lè gba odò yìí là.